Ìrẹsì Aláìníyọ̀ ti Ìlú Durham

Ní ọdún 1903, Fernand Widal, oníṣègùn ará Faransé, fi hàn ní ìlú Paris pé iyọ̀ a máa mú kí ara àwọn tí kíndìnrín wọn ń ṣàìsàn wú, àti pé bí a bá yọ iyọ̀ kúrò nínú oúnjẹ wọn, wíwú náà a rọlẹ̀, ìwọ̀n ara wọn a sì dínkù láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú Durham, ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, ni a ti sọ oúnjẹ aláìníyọ̀ di ètò ìtọ́jú ńlá, láti ọwọ́ Walter Kempner, oníṣègùn tí ó kúrò ní Jámánì lábẹ́ ìjọba Hitler, tí ó sì dé Yunifásítì Duke ní ọdún 1934.

Láti ọdún 1939 ni Kempner ti ń fún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín ń bá jà ní ìrẹsì funfun, èso, oje èso àti ṣúgà, láìsí iyọ̀ rárá. Nígbà náà, àwọn aláìsàn a máa jẹun pọ̀ ní ilé tí a ń pè ní Rice House, a sì máa ń yẹ ìtọ̀ wọn wò, nítorí pé ẹni tí ó bá jẹ iyọ̀ níkọ̀kọ̀, ìtọ̀ rẹ̀ ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Ní ọdún 1942, obìnrin kan tí ó yẹ kí ó lo oúnjẹ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣi Kempner gbọ́ nítorí ohùn Jámánì tí ó fi ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lò ó fún oṣù méjì. Nígbà tí ó padà dé, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ń sun sí ẹyinjú rẹ̀ sì ti gbẹ.

Lítà kan omi tí ó wà níta àwọn sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn ní iyọ̀ bíi gíráàmù 9 nínú, kíndìnrín kì í sì í fẹ́ kí ìwọ̀n yìí yẹ̀. Nítorí náà, bí ara bá há gíráàmù 9 iyọ̀ mọ́ra, yóò há omi bíi lítà kan mọ́ ọn, òṣùwọ̀n yóò sì fi kílò kan kún ìwọ̀n ẹni tí ọ̀rá rẹ̀ kò lé rárá. Ẹni tí ó ń fi oúnjẹ du ara rẹ̀ kí ó lè fọn lè rò pé gbogbo ìyà rẹ̀ ti já sí asán, nígbà tí ó jẹ́ pé omi ni ó bo àdínkù ọ̀rá mọ́lẹ̀. Bákan náà, kílò tí ó kọ́kọ́ já bọ́ lára ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iyọ̀ sílẹ̀, omi ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Oògùn tí ń mú kí kíndìnrín tọ iyọ̀ dànù jáde ní ọdún 1958, àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru kò sì fi bẹ́ẹ̀ nílò ìrẹsì Kempner mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ó sanra jọjọ ń wọ́ lọ sí Durham nígbà náà. Ní ọdún 1975, Kempner àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn ènìyàn 106 tí olúkúlùkù wọn fi kílò 45 ó kéré tán sílẹ̀, tí ìpíndọ́gba rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 64. Kò tọ́ kí a gbé gbogbo iyì èyí fún àìsí iyọ̀: Kempner dín oúnjẹ àwọn wọ̀nyí kù gidigidi, ó sì ní kí wọ́n máa rìn lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ oṣù sì ni ọ̀rá wọn fi yọ́, nígbà tí omi ti lọ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.