Ayò Ọlọ́pọ́n Nínú Ìmọ̀ Ìṣirò

Ayò ọlọ́pọ́n jẹ́ eré ẹni méjì tí wọ́n ti ń ta láti ayébáyé káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, títí kan Ìtàjí-Èkìtì àti àwọn ìlú tó yí i ká, láti Oyè dé Ìkọ̀lé àti Ìdó. Láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn, eré yìí ti di ohun ìwádìí fún àwọn onímọ̀ ìṣirò, pàápàá àwọn tó wà ní ẹ̀ka combinatorics, ẹ̀ka tó ń wá iye ọ̀nà tí a lè gbà to nǹkan. Ìwádìí náà gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà jíọ́mẹ́tírì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí.

Ihò 12 ló wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ló ń wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀, àpapọ̀ wọn jẹ́ 48. Ẹni tó kàn á kó ọmọ inú ihò rẹ̀ kan, á máa fi wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí èyí tó kẹ́yìn bá bọ́ sí ọ̀dọ̀ alátakò, tó sọ ọmọ ibẹ̀ di 2 tàbí 3, ó jẹ wọ́n. Ọmọdé lè mọ òfin yìí láàárín ọ̀sán kan. Ṣùgbọ́n iye ọ̀nà tí ọmọ 48 lè gbà pín sí ihò 12 jẹ́ 279,871,768,995. Kò sí ọ̀ta ayò tó lè há gbogbo rẹ̀ sórí. Ohun tó fi ń na òpè ni pé ó ń rí ètò tó wà nínú wọn.

Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal ní Vrije Universiteit, Amsterdam, fi kọ̀ǹpútà tí wọ́n so pọ̀, tó ní processor 144, wo Awari, ìyẹn irú ayò kan náà, já. Láti ìparí eré ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọmọ tó kù kò tó nǹkan, wọ́n sì ń padà bọ̀ sẹ́yìn. Ipò 889,063,398,406 ni wọ́n yẹ̀ wò láàárín wákàtí 51. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí àwọn méjèèjì bá ta á láìṣìṣe, ọ̀mì ni.

Iṣẹ́ tó jinlẹ̀ jù lójú mi ti ṣáájú èyí. Ní 1995, Duane Broline àti Daniel Loeb gbé àpilẹ̀kọ kan jáde lórí àwọn ipò kan ní ìparí ayò, ibi tí ọ̀ta ti ń jẹ ní gbogbo ìgbà tó bá kàn án. Wọ́n fi hàn pé ipò wọ̀nyí bá Tchoukaillon, eré ẹlẹ́nìkan kan, dọ́gba. Nínú eré yẹn, ihò tò láti ibi ìkójọ lọ: ìkíní, ìkejì, ìkẹta. Ihò tí ọmọ inú rẹ̀ bá nọ́ńbà rẹ̀ mu nìkan ni a lè kó, kí èyí tó kẹ́yìn lè bọ́ sí ibi ìkójọ gẹ́lẹ́. Iyekíye ọmọ tí a bá ní, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti tò wọ́n tí gbogbo wọn yóò fi délé. Ọmọ mẹ́fà, fún àpẹẹrẹ: 2 nínú ihò kẹta, 4 nínú ìkẹrin. Kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì fi èso ayò dán an wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Ọmọ mẹ́fà ni iye tó kéré jù tí a fi nílò ihò kẹrin. 48 fún ihò kejìlá. 132 fún ogúnjọ́. Ẹ sọ nọ́ńbà ihò di ìlọ́po ara rẹ̀, kí ẹ fi iye ọmọ pín in: 2.67, 3, 3.03. Bí ihò bá ṣe ń pọ̀ sí i, èsì náà ń sún mọ́ páì, 3.14159, iye tí a fi ń wọn òbìrìkìtì. Kò sí òbìrìkìtì kankan nínú òfin eré náà, síbẹ̀ páì jáde. Erdős àti Jabotinsky ti ṣiṣẹ́ lórí irú ètò nọ́ńbà yìí ní 1958, láìmẹ́nu ba ayò. Pé ihò 12 gba ọmọ 48, bíi ti ọpọ́n wa, ó ṣe kòńgẹ́ ni.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà náà kò dákẹ́. Ìwé A. O. Odeleye lórí ayò jáde ní Ìbàdàn ní 1977, T. O. Adewoye kọ̀wé lórí ìṣirò inú rẹ̀ ní 1990. Àwọn mìíràn sì ń kọ́ kọ̀ǹpútà bí a ṣe ń ta á. Ní apá àríwá Èkìtì gan-an, Ọ̀rìn ni wọ́n ti bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégòkè Olubummo ní 1923. Ó gboyè ọ̀mọ̀wé ìṣirò ní 1955, ó wà lára àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ó sì kọ́ni ní Ìbàdàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ka mìíràn ni tirẹ̀.

Iṣẹ́ ṣì kù. Òfin kan péré ni Romein àti Bal lò ní Amsterdam. Òfin ayò kì í sì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo, pàápàá lórí bóyá a lè jẹ gbogbo ọmọ alátakò tán lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí ta ni yóò kó èyí tó kù nílẹ̀. Bí òfin bá yí, a ní láti tún ìṣirò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀mì sì lè di ìborí fún ẹnì kan.