Ta Ni Ó Ń Ṣọ́ Ilé? Ìtàn Aago Ọlọ́dẹ Nígbà tí Fámúwíà Bá Ń Fa Àṣẹ Lé Ètò Aṣàkóso Kọ̀ǹpútà Lọ́wọ́

1.0 Ìfáárà

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò ní ojú tí yóò fi ṣọ́ ara rẹ̀. Bí ètò tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ bá há sójú kan, ètò náà kò lè mọ̀ pé òun ti há. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní watchdog timer, èyí tí a ó máa pè ní aago ọlọ́dẹ nínú iṣẹ́ yìí. Ohun tí iṣẹ́ yìí gùn lé ni ìtàn bí a ṣe ń bójú tó aago náà ní àkókò kan pàtó, ìyẹn ìgbà tí fámúwíà, ètò tí ó kọ́kọ́ ń jí bí a bá tan ẹ̀rọ, bá ń fa àṣẹ lé ètò aṣàkóso lọ́wọ́. Èrò wa ni pé ìbéèrè kan ni ó wà nídìí àwọn àtúnṣe tí a ti ṣe síbẹ̀: ta ni ó ń ṣọ́ ilé nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ ti lọ, tí ẹni kejì kò sì tíì fìdí múlẹ̀?

2.0 Bí Aago Ọlọ́dẹ Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Aago ọlọ́dẹ jẹ́ òǹkà tí a kọ́ mọ́ ara ẹ̀rọ. A ó fún un ní iye kan, yóò sì máa kà á sẹ́yìn títí yóò fi kan òdo. Ojúṣe ètò ni láti máa dá òǹkà náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kí ó tó kan òdo. Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń jẹ́rìí pé òun wà láàyè. Bí kò bá ṣe é, aago náà yóò gbà pé nǹkan ti bàjẹ́, yóò sì mú kí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nídìí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ènìyàn wà tí yóò tẹ bọ́tìnì. Nínú ẹ̀rọ tí ó wà lórí òpó gíga tàbí ní òfurufú, kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀.

3.0 Ẹ̀rí Méjì láti Òfurufú

Ní oṣù kìíní ọdún 1994, orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ òfurufú Clementine lọ yàwòrán òṣùpá. Ó ṣe iṣẹ́ náà yanjú. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 7, oṣù karùn-ún, nígbà tí ó ń múra láti lọ sọ́dọ̀ òkúta òfurufú tí a ń pè ní Geographos, àṣìṣe ètò mú kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ há, ẹ̀rọ tí ń tì í sì ń yọ iná títí epo rẹ̀ fi tán. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì ní nǹkan bí ìgbà 80 ní ìṣẹ́jú kan. Ìrìn-àjò Geographos forí ṣánpọ́n. Aago ọlọ́dẹ wà nínú kọ̀ǹpútà náà. Ètò tí yóò lò ó ni kò sí. Ọlọ́dẹ wà, ṣùgbọ́n a kò gbé iṣẹ́ fún un.

Ti Mars Pathfinder yàtọ̀. Ó gúnlẹ̀ sórí Mars ní ọjọ́ 4, oṣù keje, ọdún 1997. Láìpẹ́, kọ̀ǹpútà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ kékeré kan ni ó di ohun tí iṣẹ́ pàtàkì nílò mú, tí iṣẹ́ agbedeméjì kò sì jẹ́ kí kékeré náà ráyè parí. Nígbà tí iṣẹ́ pàtàkì kò parí lásìkò, ìṣọ́ inú ẹ̀rọ náà rí i, ó sì tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó kù lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ a máa sún di ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò sọnù. Àwọn onímọ̀ ní JPL rí ìdí àṣìṣe náà, wọ́n sì fi àtúnṣe ránṣẹ́ láti ayé.

4.0 Ìgbà Ìfàṣẹléni-lọ́wọ́

Nínú àpẹẹrẹ méjèèjì, ètò tí ó ti gorí àlééfà ni ọ̀rọ̀ kàn. Ìṣòro ìfàṣẹléni-lọ́wọ́ jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, nítorí ọ̀gá méjì ni ó wà níbẹ̀, kò sì dájú pé àwọn méjèèjì gbọ́ èdè ara wọn.

4.1 Ìlànà UEFI

Ní ọdún 2005, àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dá UEFI Forum sílẹ̀ láti máa bójú tó ìlànà tí Intel ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ orúkọ EFI. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà náà ti wí, kí fámúwíà tó pe ètò tí yóò gbé ètò aṣàkóso wọlé, ó gbọ́dọ̀ fi aago ọlọ́dẹ sí ìṣẹ́jú 5. Ètò tí a pè náà lè sún un síwájú tàbí kí ó pa á. Bí ètò aṣàkóso bá ti ṣetán láti gba ẹ̀rọ, ìpè kan wà tí ó ń jẹ́ ExitBootServices. Bí ìpè náà bá ti yọrí, aago náà di pípa.

Ìlànà yìí mọ́gbọ́n dání: kò sí ètò aṣàkóso tí aago tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ yóò já lu lójijì. Ṣùgbọ́n àlàfo wà níbẹ̀. Bí ètò aṣàkóso bá há lẹ́yìn ìpè náà, kí ó tó tan aago tirẹ̀, kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ilé.

4.2 Ọ̀nà Kejì: Kí Aago Máa Kà Lọ

Àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ tí kò sí ènìyàn nítòsí rẹ̀ sábà máa ń yan ọ̀nà mìíràn. Wọn a tan aago láti inú fámúwíà, wọn a sì fi í sílẹ̀ kí ó máa kà lọ. Àwọn aago kan tilẹ̀ wà tí a kò lè pa mọ́ bí a bá ti tàn wọ́n. Àlàfo ti dí, ṣùgbọ́n ìṣòro mìíràn yọjú. Bí ètò aṣàkóso bá pẹ́ kí ó tó jí, bóyá nítorí pé ó ń yẹ dísíìkì ńlá wò, aago yóò kan òdo. Ẹ̀rọ yóò tún bẹ̀rẹ̀, yóò tún pẹ́, aago yóò sì tún já a. Ẹ̀rọ tí kò ní àrùn kankan kò wá ní lè dìde mọ́.

4.3 Ohun tí Linux Ṣe

Nínú Linux, ètò kan gbọ́dọ̀ ṣí fáìlì /dev/watchdog, kí ó sì máa kọ nǹkan sí i. Láti ọdún 2012 ni systemd ti lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bójú tó aago tí fámúwíà ti tàn kí irú ètò bẹ́ẹ̀ tó jí? Ní ọdún 2016, a fi kún kánẹ́ẹ̀lì pé bí dírafà bá rí i pé aago ti ń kà, kánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni yóò máa dá a padà títí ètò kan yóò fi ṣí fáìlì náà.

Àtúnṣe yìí dára, ṣùgbọ́n ó bí ìbéèrè tuntun. Bí kánẹ́ẹ̀lì bá wà láàyè, tí ètò tí a ń retí kò sì jí rárá ńkọ́? Kánẹ́ẹ̀lì yóò máa jẹ́rìí títí láé pé àlàáfíà ni ilé wà, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé. Nítorí èyí ni a ṣe fi gbèdéke sí i: open_timeout ń sọ iye ìṣẹ́jú-àáyá tí kánẹ́ẹ̀lì yóò fi dúró de ètò náà. Bí àkókò bá kọjá, kánẹ́ẹ̀lì yóò jáwọ́, aago yóò sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé kì í ṣe níní ọlọ́dẹ ni ó ń gba ilé là, bí kò ṣe mímọ ẹni tí ọlọ́dẹ ń jíṣẹ́ fún ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí lè fi adelé ṣe àpẹẹrẹ. Bí ọba bá wàjà, ìlú kì í wà láìsí alábòójútó. Adelé a máa di ìlú mú títí a ó fi fi ọba tuntun jẹ. Ipò adelé ni kánẹ́ẹ̀lì wà nínú àtúnṣe ọdún 2016. Ṣùgbọ́n adelé tí kò ní gbèdéke lè mú kí a gbàgbé pé kò tíì sí ọba lórí ìtẹ́. Nítorí náà, ẹni tí yóò to ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta kí ó tó fi í sílẹ̀ lọ: ta ni yóò tan aago, ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé ìgbà wo ni a ó gbà pé ẹni tí a ń retí kò ní dé mọ́?