Ọ̀rọ̀ Bíìtì àti Agbára Ẹ̀rọ Géèmù: Àyẹ̀wò Ìdíje Sega àti Nintendo, 1987 sí 1996

Láàárín ọdún 1987 sí 1996, bíìtì ni òṣùwọ̀n tí àwọn tí ń ta ẹ̀rọ géèmù orí tẹlifíṣọ̀n fi ń wọn agbára ọjà wọn lójú aráyé. Wọ́n ní ẹ̀rọ oní-bíìtì 16 lágbára ju oní-bíìtì 8 lọ, àfi bí ẹni ń fi kọ́ńgò wọn gàrí. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kọ ìtàn àkókò náà lẹ́yìn wọn gba òṣùwọ̀n yìí láìyẹ̀ ẹ́ wò, tó bẹ́ẹ̀ tí "sáà bíìtì 16" fi di orúkọ tí à ń pe àwọn ọdún wọ̀nyí. Ìpolówó ọjà jẹ́ ẹ̀rí tí kò ṣeé jiyàn nípa ohun tí òǹtajà fẹ́ kí oníbàárà gbà gbọ́. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe, inú ẹ̀rọ ni ó yẹ kí òpìtàn wò.

Bíìtì ni ẹyọ ìsọfúnni tí ó kéré jù lọ: òdo tàbí ení. Nígbà tí a bá pe ẹ̀rọ kan ní oní-bíìtì 16, ìbéèrè tí ó kàn ni pé apá wo nínú rẹ̀? Ṣé apá tí ń ṣe ìṣirò ni, èyí tí a ó máa pè ní ọpọlọ rẹ̀? Ṣé ọ̀nà tí ọpọlọ náà fi ń kó nǹkan wọlé ni, tàbí apá tí ń ya àwòrán? Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè ní iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì sí ohun tí ó dí òǹtajà lọ́wọ́ láti mú èyí tí ó pọ̀ jù.

Ẹ̀rí tí ó hàn gedegbe jù lọ ni ti PC Engine, tí NEC àti Hudson gbé jáde ní Jàpáánì ní ọdún 1987. Oní-bíìtì 8 ni ọpọlọ rẹ̀. Apá tí ń ya àwòrán ni ó jẹ́ oní-bíìtì 16. Ní Jàpáánì, kò sí nọ́ńbà kankan nínú orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1989, tí ó sì di alábàádíje Sega lọ́jà, wọ́n sọ ọ́ ní TurboGrafx-16. Ọpọlọ kan náà ni ó là òkun kọjá. Àpótí àti orúkọ ni ó yí padà.

Ti Sega àti Nintendo díjú ju èyí lọ. Sega gbé Mega Drive jáde ní Jàpáánì ní oṣù kẹwàá ọdún 1988. Ní Amẹ́ríkà, Genesis ni wọ́n pè é. Motorola 68000 ni ọpọlọ rẹ̀, aago inú rẹ̀ sì ń lù ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 7.67 ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Oṣù kọkànlá ọdún 1990 ni Nintendo tó fi Super Famicom dáhùn, èyí tí Amẹ́ríkà mọ̀ sí Super Nintendo ní ọdún 1991. Ọpọlọ tirẹ̀, tí Ricoh ṣe, kì í lù ju mílíọ̀nù 3.58 lọ, ó sì máa ń rẹ̀yìn sí mílíọ̀nù 2.68 bí ó bá ń mú nǹkan láti inú ìrántí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka iye wọ̀nyí lásán yóò ní Sega fi ìlọ́po méjì ju Nintendo lọ. Ohun tí Sega fẹ́ kí wọ́n sọ gan-an nìyẹn. Ó tilẹ̀ polówó "Blast Processing" fún àwọn ará Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀yà kan nínú ẹ̀rọ náà tí ń jẹ́ orúkọ yìí.

Ṣùgbọ́n àṣẹ tí ó kúrú jù lọ ń gba Motorola ní ìlù mẹ́rin, ó sì ń gba ti Ricoh ní méjì péré. Àlàfo náà kò fẹ̀ tó bí a ti ń pariwo rẹ̀. Síbẹ̀, kò yẹ kí a tìtorí èyí gbè sẹ́yìn Nintendo. Bíìtì 16 ni Motorola ń kó wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. 8 ni ti Ricoh, kí ó tó padà lọ kó ìyókù. Ẹni tí ó bá ta Gradius III lórí Super Nintendo yóò rí i bí géèmù náà ṣe ń falẹ̀ nígbà tí ọ̀tá bá kún ojú tẹlifíṣọ̀n. Àwọn olùrànlọ́wọ́ tí ó yí ọpọlọ ká ni agbára Nintendo wà. Àwọ̀ 256 ni ó lè fi hàn lẹ́ẹ̀kan náà nínú 32,768. Ti Sega jẹ́ bíi 60 nínú 512. Ó lè yí odindi àwòrán ilẹ̀ po bí ó ti ṣe nínú F-Zero, ohun tí kò sí ẹ̀yà tí a ṣe fún un nínú Mega Drive. Ẹ̀yà ohùn rẹ̀ wá láti Sony, Ken Kutaragi ni ó ṣètò rẹ̀, ọkùnrin tí PlayStation ti ọwọ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1994. (Nintendo ni ó kọ́kọ́ jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.)

Nígbà tí ó yá, agbára kò tilẹ̀ sí nínú àpótí nìkan mọ́. Star Fox ti ọdún 1993 gbé ẹ̀yà Super FX wá nínú kátíríìjì tirẹ̀. Sega ṣe irú rẹ̀ fún Virtua Racing ní ọdún 1994.

Atari ni ó fa ọ̀rọ̀ náà dé òpin. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1993, ó gbé Jaguar jáde, ó pè é ní oní-bíìtì 64, ó sì ní kí àwọn oníbàárà lọ ṣe ìṣirò náà fúnra wọn. Àwọn kan nínú ẹ̀yà rẹ̀ jẹ́ oní-bíìtì 64 lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Motorola 68000 tún wà nínú rẹ̀, irú èyí tí Sega ti lò láti ọdún 1988, tí a kàn mú aago rẹ̀ yára sí i. Jaguar tí wọ́n tà kò tó 250,000. Super Nintendo lé ní mílíọ̀nù 49. Ìyẹn kò dá Nintendo dúró: ní ọdún 1996 ó sọ ẹ̀rọ rẹ̀ tuntun ní Nintendo 64. Ọ̀nà tí ọpọlọ rẹ̀ fi ń kó nǹkan wọlé kò ju bíìtì 32 lọ.