Ta Ló Dúró fún Ọ? Ìtàn Àwọn Oníṣẹ́ Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ àti Ìwé Ẹ̀rí Wọn

Ní ìlú Benin tí a ń gbé yìí, ìbéèrè kan wà tó ti pẹ́ ju kọ̀ǹpútà lọ: "Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?" Ẹ lọ sí Òpópónà Igun, ẹ ó rí àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ tí ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ Igun Eronmwon. Láyé àtijọ́, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ náà kò gbọdọ̀ rọ idẹ fún Ọba. Ẹgbẹ́ ló ń dúró fún ọmọ ẹgbẹ́. Àwa Yorùbá náà ní tiwa. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì á sin ọ̀gá rẹ̀ títí ọdún rẹ̀ á fi pé, ọ̀gá á ṣe fírídọ̀mù fún un, wọn á gbàdúrà, wọn á sì fún un ní ìwé tí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí. Ìwé yẹn ni onídùúró rẹ̀ níbi tí wọn kò bá ti mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n kí ni ká ṣe tí iṣẹ́ kan bá dé tí kò ní ọ̀gá láàárín wa rárá? Ohun tó ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ máa ń bi wá pé ìwé ẹ̀rí wo ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbà.

Kọ̀ǹpútà tó kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbé sórí tábìlì. Ẹ̀rọ ńlá ni, odidi yàrá ló ń gbà. Ní ọdún 1963, IBM dá ibùdó ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn láti kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà níṣẹ́ náà. Nígbà yẹn, iléeṣẹ́ tó bá kó ẹ̀rọ wá, ìyẹn àwọn bí IBM, ICL àti NCR, ló ń kọ́ àwọn tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Tí o bá ti lè sọ pé IBM ló kọ́ ọ, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Yàrá kọ̀ǹpútà máa ń tutù bíi yìnyín, wọ́n sì ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà nítorí eruku. Ní 1978, àwọn oníṣẹ́ náà kó ara wọn jọ, wọ́n dá Computer Association of Nigeria sílẹ̀, èyí tó di Nigeria Computer Society lónìí.

Oṣù kẹjọ ọdún 1981 ni nǹkan yí padà. IBM gbé kọ̀ǹpútà orí tábìlì jáde, tí wọ́n pè ní PC. Èyí tó rọjú jù nínú rẹ̀ jẹ́ 1,565 dọ́là, kò ní ojú ìwòran, kò sì ní ibi tí a ń ki dísìkẹ́ẹ̀tì bọ̀. Mẹ́mórì rẹ̀ kò ju 16 KB lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò lè wọ inú rẹ̀! Ní 1983, PC XT dé pẹ̀lú hard disk 10 MB, ayé sì ń sọ pé ta ló fẹ́ kó nǹkan kún inú ìyẹn. Láìpẹ́, àwọn iléeṣẹ́ mìíràn ń ṣe irú rẹ̀, owó rẹ̀ sì ń wálẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe di ohun tí púpọ̀ èèyàn lè rà, bẹ́ẹ̀ náà ló di ohun tí ẹnikẹ́ni tó ní screwdriver lè sọ pé òun mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Nílé níbí ńkọ́? Lẹ́yìn tí ìjọba gbé ètò SAP dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, kọ̀ǹpútà tuntun sì di ohun tí ọwọ́ kò tó. Tòkunbọ̀ ló gbà wá. Ní àwọn ọdún 1990, ilé ìtẹ̀wé kéékèèké tí à ń pè ní business centre wá pọ̀ nígboro àti lẹ́nu géètì Uniben ní Ugbowo, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lọ tẹ project wọn. Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà náà pọ̀, ohun kan náà ló sì máa ń wà lára pátákó wọn: DOS, WordPerfect, Lotus 1-2-3, dBase.

Tí àwọn àgbà oníṣẹ́ yìí bá jókòó pọ̀, ẹ̀rín ni. Wọ́n á rántí dísìkẹ́ẹ̀tì tó ń bà jẹ́ nítorí ọ̀rinrin, àti kòkòrò vírọ́ọ̀sì tó ń ti ara dísìkẹ́ẹ̀tì kan ran èkejì. Wọ́n á rántí káàdì méjì tí wọ́n ń du nọ́ńbà IRQ kan náà, tí ẹ̀rọ á sì dákú lójú oníbàárà. NEPA á mú iná lọ nígbà tí ìwé ogójì ojú ewé kò tíì di pípamọ́, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ á káwọ́ lérí. Bí wọ́n ṣe kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n tú u, wọ́n tò ó padà, wọ́n tún tú u.

Ìṣòro wọn kan ni pé ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń fún wọn kò ní agbára kọjá àdúgbò. Kí ẹ sì má rò pé Nàìjíríà nìkan ni. Amẹ́ríkà náà ní irú ìṣòro yìí: oníbàárà kò mọ ẹni tó lè fọkàn tán. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti 1982, tó sì wá ń jẹ́ CompTIA, gbé ìdánwò A+ jáde ní 1993. Kò béèrè dìgírì. Ohun tó ń béèrè ni pé, ṣé o mọ orúkọ ẹ̀yà ara ẹ̀rọ yìí? Tó bá kọ̀ láti tàn, kí ni wàá kọ́kọ́ yẹ̀ wò? Microsoft ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1992, Cisco sì mú CCNA wá ní 1998. Ní 1993 kan náà, ìjọba Nàìjíríà ṣe Òfin 49, tó dá ìgbìmọ̀ ìforúkọsílẹ̀ àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ìyẹn CPN.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tí kò ní bàbá ìsàlẹ̀. Ìdánwò kan náà ni ọmọ Benin àti ọmọ Houston ń ṣe. Ẹni tó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí London, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìdílé rẹ̀, ní nǹkan tó lè nà sí agbanisíṣẹ́. Fírídọ̀mù ni, àmọ́ èyí tó lè sọdá òkun.

Ṣùgbọ́n onídùúró kì í báni ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi ń há ìbéèrè àti ìdáhùn sórí, wọ́n yege, wọn kò sì lè ṣí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Owó dọ́là sì ni wọ́n fi ń san án. Lónìí, ní Amẹ́ríkà, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìdánwò méjèèjì tó para pọ̀ di A+ ju 200 dọ́là lọ. Lẹ́yìn náà, ẹni tó gbà á ṣáájú 2011 gbà á títí ayé, ṣùgbọ́n láti ọdún yẹn, ọdún mẹ́ta ló ń lò kó tó di pé a ní láti tún un ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀nà ti pọ̀ fún yín ju tiwọn lọ. Edo Innovation Hub ti wà ní ìlú yìí láti 2018, ìjọba àpapọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ètò 3MTT ní 2023. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí, ó dára. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé fóònù tí ẹ fi ń kọ́ṣẹ́ yìí, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa ni, ẹ kì í rí inú rẹ̀. Àwọn tó mọ inú ẹ̀rọ sì ti ń fẹ̀yìn tì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ ṣe iṣẹ́ yìí, mo mọ̀ pé CPU àtijọ́ wà nílé yín tó ń kó eruku. Ẹ má gbé e fún àwọn tó ń ra irin. Ẹ gbé e wá sí gbọ̀ngàn wa ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, kí ẹ jẹ́ káwọn ọmọ yìí tú u lójú yín. Tí wọ́n bá sì bi wọ́n lọ́jọ́ iwájú pé ta ló kọ́ wọn níṣẹ́, wọ́n á lè dárúkọ yín.