Táyà Ẹ̀yìn Ẹ̀gbọ́n: Láti Moníyà Dé Ṣakí

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níbí, wákàtí tẹ̀lé wákàtí, nítorí táyà ẹ̀yìn alùpùpù kan. Àwa mẹ́ta la jọ lọ. Ẹ̀gbọ́n wa gun Honda Africa Twin, ẹnìkejì wa tí à ń pè ní Nọ́ọ̀sì gun Suzuki V-Strom 650, èmi gun Royal Enfield Himalayan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú tiwọn tí mi ò rí, mo bi wọ́n léèrè lẹ́yìn náà kí n tó kọ ọ́.

Aago 5:40 àárọ̀, Moníyà

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán. Nọ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi géèjì wọn afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀. Ìgbà tí táyà bá ṣì tutù ló yẹ ká wọn ọ́n. Bí a bá ti gùn ún díẹ̀, ooru á mú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wú, géèjì á sì máa pe iye tó ju ti tòótọ́ lọ. Ó wọn ti Ẹ̀gbọ́n náà: 36 PSI ní ẹ̀yìn, bí ìwé máṣìn ṣe wí.

Táyà ẹ̀yìn Ẹ̀gbọ́n yẹn wù mí. Eyín rẹ̀ ga, ó nípọn, àlàfo tó wà láàárín wọn gba àtàǹpàkò. Irú táyà tí wọ́n ń pè ní 30 sí 70 ni: ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọ̀dà, ìdá 70 fún erùpẹ̀. Tòkunbọ̀ ló rà á. Ti Nọ́ọ̀sì jẹ́ onídajì-dajì, 50 sí 50. Tèmi jẹ́ 80 fún ọ̀dà, 20 fún erùpẹ̀. Àwọn ìlà ojú rẹ̀ kò jìn. Ẹ̀gbọ́n fẹsẹ̀ gbá tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Èyí á gbé wa dé Sókótó."

Aago 6:15, ọ̀nà Ìsẹ́yìn

Kìlómítà 65 ni láti Moníyà dé Ìsẹ́yìn, ọ̀dà tó tẹ́ dáadáa ni látìgbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti tún un ṣe. Ibẹ̀ gan-an ni táyà ti ń jẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé òkúta àti kòtò ló ń jẹ táyà àwa tí à ń gun alùpùpù lọ sọ́nà jíjìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà gbígbóná ló ń jẹ ẹ́, pàápàá bí eré bá pọ̀, tí ẹrù sì wà lẹ́yìn.

Lójú ọ̀nà tó lọ tààrà, àárín táyà nìkan ló ń kan ilẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì ń gbà kọjá. Táyà tó rí róbótó nígbà tí a rà á á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́jú láàárín. Ẹni tó ń gùn ún á mọ̀ ọ́n ní kọ́nà: máṣìn á kọ́kọ́ kọ̀ láti tẹ̀, lẹ́yìn náà á ṣàdédé wọlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ti eléyín gíga tún burú jù. Ìwọ̀nba rọ́bà ló ń kan ọ̀dà, eyín kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀, ó ń nà padà ní gbogbo ìgbà tí wíìlì bá yí, títẹ̀ àti nínà yẹn ló sì ń dá ooru sílẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n fi ṣe é sábà máa ń rọ̀ pẹ̀lú, kó lè di ilẹ̀ mú. Nídìí èyí, ó wọ́pọ̀ kí irú táyà ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ parí kó tó rin 5,000 kìlómítà lórí ọ̀dà, nígbà tí irú tèmi lè kọjá 10,000.

Èmi àti Nọ́ọ̀sì ń sá 90. Ẹ̀gbọ́n ń sá 120. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tó bá dẹwọ́, a ti ń gbọ́ ohùn táyà rẹ̀, hùùù, lórí ọ̀dà.

Aago 7:30, Ìsẹ́yìn

A jẹ ẹ̀wà àti dòdò. Mo fọwọ́ kan táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tèmi lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ti Ẹ̀gbọ́n gbóná débi pé ọwọ́ mi kò lè pẹ́ lórí rẹ̀.

Aago 9:10, lẹ́yìn Òkéhò

A yà kúrò lórí ọ̀dà, a bọ́ sí ọ̀nà oko. Gbogbo wa dúró, a jọ̀ nínú afẹ́fẹ́ táyà. Bí afẹ́fẹ́ bá dín, táyà á tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, á di erùpẹ̀ mú, kò sì ní máa fò lórí òkúta. Àmọ́ ó ní ibi tó mọ. Máṣìn tèmi àti ti Ẹ̀gbọ́n ń lo tíúbù. Bí a bá jọ̀ ọ́ jù, táyà lè máa yọ̀ lórí rímù, kó wọ́ tíúbù dání, kó sì fa ẹnu rẹ̀ ya. Òkúta tún lè tẹ tíúbù mọ́ rímù, kó sì lu ú níbi méjì. Ti Nọ́ọ̀sì kò ní tíúbù, ṣùgbọ́n bí rímù bá tẹ̀ níbi tí etí táyà ti jókòó, gbogbo afẹ́fẹ́ á jáde. Ẹ̀gbọ́n sọ tirẹ̀ kalẹ̀ sí 24.

Aago 10:20, ẹrẹ̀

Òjò alẹ́ àná ti sọ erùpẹ̀ pupa di ohun mìíràn. Níbí ni táyà Ẹ̀gbọ́n ti gba ìyìn. Eyín gíga ń wọ inú ẹrẹ̀ lọ dé ibi tó le, àlàfo fífẹ̀ sì ń ju ẹrẹ̀ dànù bí wíìlì ṣe ń yí. Ó kọjá bí ẹni pé ilẹ̀ gbẹ. Ìlà ojú táyà tèmi dí láàárín ìṣẹ́jú kan, ó di pẹrẹsẹ, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọ́ ilẹ̀ kọjá. Ohun tí mo san fún ọ̀pọ̀ kìlómítà lórí ọ̀dà nìyẹn, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo rà á. Nọ́ọ̀sì yọ̀ síwá-sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọlọ́kadà kan ti kọjá lára wa lórí Bajaj Boxer, àpò gàrí méjì lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin bọ̀dá, ẹ rọra." Táyà rẹ̀ tín-ínrín, máṣìn rẹ̀ fúyẹ́. Ìwúwo máṣìn wà lára ohun tó ń yan táyà: ẹni tó gbé igba kìlógíráàmù àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wọ ẹrẹ̀ kò lè ṣe bíi tirẹ̀.

Aago 12:00, abẹ́ igi máńgòrò

A jókòó mu omi, ọ̀rọ̀ wá bọ́ sórí ìje Dakar ọdún 2021 ní Saudi Arabia. Lọ́dún yẹn, àwọn alákòóso fòfin dè é pé táyà ẹ̀yìn mẹ́fà péré ni oníalùpùpù kọ̀ọ̀kan lè lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá sá eré jù lónìí ń jẹ táyà ọ̀la nìyẹn. Toby Price, ará Ọsirélíà tó ti gbégbá orókè ní 2016 àti 2019, dé Sakaka pẹ̀lú táyà ẹ̀yìn tó ti ya. Ìpele alọ́jọ́-méjì ni, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò sì lè wá ràn án lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó fi téèpù àti okùn rọ́bà tí àwọn oníná fi ń di wáyà dì í. Lọ́jọ́ kejì, ó gùn ún lọ sí Neom, ìdíje tó ju 300 kìlómítà lọ, ó sì ṣe ipò kejì.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ṣé ẹ rí i? Bí téèpù bá gbé ìyẹn dé ibi tó ń lọ, kí ni yóò ṣe tèmi?"

Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Àwọn yẹn kì í lo afẹ́fẹ́. Fóòmù ló wà nínú táyà wọn. Bí ó ya, kò sí ohun tí yóò jò."

Òótọ́ ló sọ. Tiwa, afẹ́fẹ́ ló gbé wa ró.

Aago 1:30, a padà sórí ọ̀dà

Èmi àti Nọ́ọ̀sì fẹ́ afẹ́fẹ́ padà sínú táyà wa. Pọ́ńpù kékeré tó ń lo bátìrì ni, kì í yára. Nọ́ọ̀sì na án sí Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n wojú ọ̀run, òjò ń ṣú, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká dé Ṣakí ná." Ó fi 24 yẹn gbéra, ó sì sá eré rẹ̀ bó ṣe máa ń sá a.

Aago 2:05

Nọ́ọ̀sì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ gbòà, ìdí máṣìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún sósì. Ẹ̀gbọ́n kò tẹ bíréèkì ẹ̀yìn. Ó dẹwọ́ lórí iná, ó di ọwọ́ mú, ó jẹ́ kí eré kú fúnra rẹ̀ títí ó fi dé ẹ̀bá ọ̀nà. Ohun tó gba ẹ̀mí rẹ̀ là nìyẹn, lẹ́yìn Ọlọ́run. Ẹni tó bá tẹ bíréèkì ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ nígbà tí táyà ẹ̀yìn bá bẹ́, ṣíṣubú ló kù.

Aago 3:00, ṣọ́ọ̀bù fọ́kanáísà

Bàbá tó tú táyà náà kò yára. Ó fi àkísà oníkẹrosín nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, dúdú tí wọ́n fi kùn ún bá àkísà lọ. Ó wá tẹ eyín méjì sọ́tọ̀ kí a lè wo ìdí wọn. Ibẹ̀ sán, ó la ẹnu bíi gìgísẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ojú sísán kan gùn tó ìka ọwọ́, ó sì ti wọnú dé ibi tí tíúbù wà. Ó tọ́ka sí nọ́ńbà mẹ́rin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà DOT: 2217.

"Ọ̀sẹ̀ kejìlélógún ọdún 2017," Bàbá ní. "Ẹ̀yin ọmọ mi, táyà yìí ti gbó kí ẹ tó sanwó rẹ̀."

Ọdún méje. Ọdún mẹ́rin ni àwọn FRSC máa ń kà fún táyà. Rọ́bà ń gbó bí a bá gùn ún, ó sì ń gbó bí a kò bá gùn ún: oòrùn àti afẹ́fẹ́ á sọ ọ́ di gbígbẹ, á le, á sì sán. Eyín gíga yẹn kò fi nǹkan kan hàn ju pé wọn kò lò ó púpọ̀. Ọjọ́ orí ló la ẹnu sí i, ọ̀dà àti eré àárọ̀ fẹ ẹnu náà, 24 àti ooru ọ̀sán parí rẹ̀.

Òfin kọ̀ kí wọ́n kó táyà àlòkù irú èyí wọ Nàìjíríà. Ó wà nínú ìwé ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù kà léèwọ̀. Síbẹ̀ ó kún ọjà. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Pọtá ní 2007, Dunlop náà dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà láìpẹ́ sí i, òkè òkun la sì ń wò fún táyà láti ìgbà náà. Ọ̀tun wọ́n, tòkunbọ̀ sì ń dán lójú. Ó dùn mí púpọ̀, torí ẹ̀mí ènìyàn ló ń jókòó lórí rẹ̀.

Tíúbù iwájú, onínṣì 21, ni Ẹ̀gbọ́n gbé dání. Àwa arìnrìn-àjò mọ̀ pé ó ṣeé fi sínú wíìlì ẹ̀yìn onínṣì 18 bí ilẹ̀ bá le koko. Bàbá gé awẹ́ táyà ọ̀kadà àtijọ́, ó tẹ́ ẹ sí ojú ibi tó sán nínú, ó fi tíúbù náà lé e, ó fẹ́ ẹ. Ó ní, "Ogójì ni kí ẹ máa sá. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sí níbẹ̀ o."

Aago 5:50 ìrọ̀lẹ́, Ṣakí

A wọlé lábẹ́ òjò, ní ogójì. Ẹ̀gbọ́n kò fi táyà náà padà sí Ìbàdàn. Ọkọ̀ ẹrù ló gbé máṣìn rẹ̀, ó sì ra onídajì-dajì ọ̀tun lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e.

Ẹjọ́ tí mo dá lẹ́yìn ọjọ́ yẹn kò pọ̀. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ ọ̀dà púpọ̀ àti ẹrẹ̀ díẹ̀, bí tiwa nílẹ̀ Yorùbá níbí, kí ó ra 50 sí 50, kó sì jẹ́ ọ̀tun. Kí eléyín gíga wà fún ẹni tó ń gbé inú oko. Ẹ̀yin oníṣòwò táyà, mo bẹ̀ yín, ẹ yé fi ọ̀dà dúdú bo ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ rà á, ẹ mú àkísà dání lọ sí ọjà, ẹ nù ún, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin yẹn kí ẹ tó béèrè iye tó ń jẹ́.