Ìdí Tí Ilé Fi Wọ́n ní Sùúrùlérè, Yábàá àti Múṣin

Ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá ń lò fún ohun tí kò pọ̀ àti ohun tí owó rẹ̀ ga: ó wọ́n. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọjà bá kéré, tí àwọn tó ń wá a sì pọ̀, owó rẹ̀ yóò gòkè. Òótọ́ ni èyí nípa ilé ní Èkó, ṣùgbọ́n kò sọ ìdí tí ilé kò fi pọ̀ tó.

Àwọn tó ń wá ilé

Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 633,009 sí ìjọba ìbílẹ̀ Múṣin, ó sì ka 503,975 sí Sùúrùlérè. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tilẹ̀ jiyàn pé iye náà kéré. Àwọn àdúgbò yìí kò jìnnà sí Erékùṣù Èkó àti Ìkẹjà tí iṣẹ́ wà. Ní agbègbè Yábàá, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó àti ti Yaba College of Technology ń bá òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò du ilé kan náà.

Ohun tó dí ilé kíkọ́ lọ́wọ́

Ilẹ̀ òfìfo ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé sábà máa ń ra ilé àtijọ́, kí ó tó wó o. Bí wọ́n bá wó ilé oníyàrá mẹ́wàá, tí wọ́n fi fúláàtì mẹ́rin rọ́pò rẹ̀, ilé tuntun ti dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdílé mẹ́wàá ti di ẹni tó ń wá ibùgbé kiri.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, àṣẹ rẹ̀ lórí títa ilẹ̀ sì ń gba owó àti àkókò. Owó yíyá náà wọ́n: ní oṣù kọkànlá 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ibi tí ilé wà

Ní 1955, ìgbìmọ̀ LEDB bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní àárín Erékùṣù Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Peter Marris, ará Gẹ̀ẹ́sì tó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ wọn, tó sì gbé ìwé jáde ní 1961, rí i pé ọ̀pọ̀ oníṣòwò pàdánù oníbàárà, owó ọkọ̀ sì ń jẹ wọ́n run. Ilé nìkan kọ́ là ń san owó lé lórí. À ń sanwó ìtòsí ọjà, iṣẹ́ àti ẹbí. Lónìí, Sùúrùlérè ti di àárín ìlú. Ìkòròdú, Ìbàfò àti Mowé ni ẹni tí apá rẹ̀ kò ká owó ilé ń sá lọ.

Ohun tí òfin lè ṣe

Òfin Ìyálégbé ti 2011, tí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá buwọ́ lù, ka gbígba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun léèwọ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ṣì ń san owó ọdún méjì, nítorí ẹlòmíràn ń dúró lẹ́yìn pẹ̀lú owó lọ́wọ́.

Ọkọ̀ ojú irin Red Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní oṣù kẹwàá 2024 láti Agbádò dé Ọyingbo, tó sì ń dúró ní Múṣin àti Yábàá, lè jẹ́ kí òṣìṣẹ́ máa gbé ọ̀nà jíjìn láìpẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó tún lè gbé owó ilé tó sún mọ́ ibùdókọ̀ ga.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ìwà ọ̀kánjúwà wà lọ́wọ́ onílé àti éjẹ́ǹtì mìíràn, ṣùgbọ́n àìtó ilé ló fún wọn lágbára. Títí ilẹ̀ yóò fi rọrùn láti gbà, tí èlé yóò sì fi wálẹ̀, ayálégbé ni yóò máa ru ẹrù náà.