Láti Dúrọ́ọ̀mù sí Díìskì: Ìtàn Búréèkì Iwájú Ọkọ̀ Àtijọ́ àti Etíkun Ìlàjẹ

Ẹni tó bá fi mọ́tò gba Ọ̀rẹ̀ àti Òkìtìpupa wá sí etíkun Ìlàjẹ, Ìgbókòdá ni yóò ti bọ́ sílẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ sí Ayétòrò tàbí Àwóyè, ọkọ̀ ojú omi lèrò ń wọ̀. Ẹja gbígbẹ àti edé tó ń ti inú omi bọ̀, mọ́tò ló ń kó wọn lọ sí ìlú òkè. Mọ́tò tó ń ná irú ọ̀nà yìí kò lè bọ́ lọ́wọ́ nǹkan méjì: omi òjò tó ń dúró lójú títì, àti atẹ́gùn òkun tó ń gbé iyọ̀ wá bá irin. Búréèkì sì wà lára ohun tí méjèèjì máa ń kọ́kọ́ bá jà.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yíyọ dúrọ́ọ̀mù kúrò ní táyà iwájú ọkọ̀ àtijọ́, kí a fi díìskì rọ́pò rẹ̀, fi kan ẹni tó ń tọ́jú Volkswagen Ìjàpá tàbí Péjò 404 bàbá rẹ̀ létí omi. Iṣẹ́ tó wúlò gan-an ni. Ṣùgbọ́n ìtàn bí díìskì ṣe dé fi hàn pé kì í ṣe irin kan ṣoṣo là ń pààrọ̀. Gbogbo ètò tó ń dá ọkọ̀ dúró ni.

Agbára dúrọ́ọ̀mù àti àìlera rẹ̀

Dúrọ́ọ̀mù dà bí ìkòkò irin tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, tó ń bá táyà yí. Ṣúù méjì ló wà nínú rẹ̀, láínìn tó ń ha irin sì wà lára wọn. Bí awakọ̀ bá tẹ búréèkì, ọ́ìlì yóò ti inú mástà sílíńdà wá, yóò ti ṣúù méjèèjì síta, wọn yóò sì fún mọ́ ara dúrọ́ọ̀mù. Yíyí tí dúrọ́ọ̀mù ń yí tún máa ń fa ṣúù iwájú mọ́ra, bí ẹni pé ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń bá awakọ̀ tẹ̀ ẹ́. Louis Renault, ará Faransé, ni wọ́n sábà máa ń fi oríyìn irú búréèkì yìí fún, ní 1902. Nígbà náà, okùn irin àti ọ̀pá ló ń fà á. Malcolm Loughead, ará Amẹ́ríkà, ló mú kí ọ́ìlì gba iṣẹ́ náà ṣe, ọkọ̀ Duesenberg sì gbé e jáde ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní 1921.

Àìlera dúrọ́ọ̀mù ni pé ó sé mọ́. Bí awakọ̀ bá ń tẹ búréèkì léraléra, ooru kò ní tètè rí ọ̀nà jáde. Irin á gbóná, á fẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ṣúù, láínìn á máa yọ̀, ẹsẹ̀ á sì máa rì. Bí omi bá wọ inú rẹ̀, ibẹ̀ ló máa jókòó sí. Táyà kan lè dì kí ìkejì má dì, kí ọkọ̀ fà sí ẹ̀gbẹ́ kan lójijì. Awakọ̀ àtijọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ la àgbàrá kọjá mọ ohun tí yóò ṣe: yóò máa rọra tẹ búréèkì bó ti ń lọ, títí ooru yóò fi gbẹ omi náà.

Bí díìskì ṣe dé

Ọdún 1902 yẹn kan náà ni Frederick Lanchester gba ìwé àṣẹ lórí búréèkì díìskì ní Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwo irin pẹlẹbẹ ń bá táyà yí ní gbangba, páàdì méjì sì ń fún un láti ọ̀tún àti òsì. Èrò náà dára, àmọ́ bàbà ló fi ṣe páàdì: ó ń pariwo, ó sì ń tètè jẹ tán lójú ọ̀nà eléruku ìgbà náà.

Bàálù ló jí i dìde. Ilé iṣẹ́ Dunlop ṣe díìskì fún ọkọ̀ òfuurufú, lẹ́yìn náà ni òun àti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Jaguar gbé e sára ọkọ̀ eré ìje. Ní Le Mans, nílẹ̀ Faransé, lóṣù kẹfà 1953, Jaguar C-Type tí Tony Rolt àti Duncan Hamilton wà gba ipò kìíní nínú eré ìje wákàtí 24. Ọkọ̀ oní-dúrọ́ọ̀mù ní láti tètè dẹwọ́ eré kó tó dé kọ́nà. Jaguar lè sáré sún mọ́ kọ́nà dáadáa kó tó tẹ búréèkì. Ní 1955, Citroën fi díìskì síwájú ọkọ̀ DS tó ń tà fún gbogbo ayé. Triumph TR3 tẹ̀lé e ní 1956.

Iwájú ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí nítorí pé bí ọkọ̀ bá ń dúró, ìwúwo rẹ̀ á tẹ̀ síwájú, táyà iwájú á sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ń bá tirẹ̀ lọ, ó sì rọrùn láti so búréèkì ọwọ́ mọ́ ọn.

Àwọn ọkọ̀ tí a mọ̀ nílé

Morris Minor, tí wọ́n ṣe láti 1948 sí 1971, kò fi dúrọ́ọ̀mù sílẹ̀ títí tó fi kógbá sílé. Péjò 404 jáde ní 1960 pẹ̀lú dúrọ́ọ̀mù ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Apá ìparí àwọn ọdún 1960 ni díìskì tó dé iwájú rẹ̀. Volkswagen fi díìskì síwájú Ìjàpá 1500 ní Yúróòpù láti 1966, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ Ìjàpá mìíràn ṣì ń jáde pẹ̀lú dúrọ́ọ̀mù fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní 1975, ilé iṣẹ́ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Nàìjíríà: Volkswagen ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, àti Péjò ní Kàdúná. Péjò 504 tó gùn lẹ́yìn, tó ń kó èrò láti ìlú dé ìlú, ní díìskì níwájú àti dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Ó wà lára ohun tó sọ díìskì di iṣẹ́ tí mẹkáníìkì abẹ́ igi mọ̀ dunjú.

Ohun tó wà nínú ìyípadà náà

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Díìskì, páàdì àti kálípà tó di páàdì mú lojú ń rí, àmọ́ iṣẹ́ kò parí síbẹ̀.

Ìdí táyà la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìjàpá tí iwájú rẹ̀ ń lo bọ́ọ̀lù jọ́ìntì lè gba ẹ̀yà díìskì ti Ìjàpá 1500 tàbí ti Karmann Ghia, ọkọ̀ Volkswagen mìíràn, láìjó irin kankan. Èyí tó dàgbà jù ú lọ kò gbà á bẹ́ẹ̀. Kálípà sì lè máa ha rímù àtijọ́, nítorí náà ká fi rímù wọ̀n ọ́n wò ká tó sanwó.

Mástà sílíńdà ló tẹ̀lé e. Písítìnì kálípà tóbi ju ti dúrọ́ọ̀mù lọ, ọ́ìlì tó ń gbà sì pọ̀ jù. Mástà kékeré lè jẹ́ kí ẹsẹ̀ kanlẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Nínú ọ̀pọ̀ mástà dúrọ́ọ̀mù, fáàfù kékeré kan wà tó ń dá agbára ọ́ìlì díẹ̀ dúró sínú páìpù. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, páàdì kò ní jáwọ́ lára díìskì: táyà á máa gbóná, epo á sì máa jó lófo. Bẹ́ẹ̀ ni díìskì kì í fa ara rẹ̀ mọ́ra bíi ṣúù. Ìjàpá tó fúyẹ́ lè dúró láìsí búsítà tó ń ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́, àmọ́ ọkọ̀ tó wúwo nílò rẹ̀.

Iwájú àti ẹ̀yìn tún gbọ́dọ̀ bára mu. Bí táyà ẹ̀yìn bá kọ́kọ́ gan, ọkọ̀ lè yí po lójú títì. Ẹni tó bá sì ń tú mástà, kó kúkú fi oní-ìpín-méjì síbẹ̀: bí páìpù kan bá bẹ́, ìpín kejì á ṣì dá ọkọ̀ dúró.

Iyọ̀ etíkun

Gbangba tí díìskì wà ló ń jẹ́ kó tètè gbẹ: yíyí rẹ̀ ń fọ́n omi dànù, páàdì sì ń nu èyí tó kù. Gbangba yẹn náà ni iyọ̀ ti ń rí i. Ìpẹtà tó bá bo ojú díìskì ọkọ̀ tó dúró fún ọjọ́ mélòó kan ní Ìgbókòdá kò ṣe nǹkan; títẹ búréèkì díẹ̀ á fá a kúrò. Èyí tó léwu fara pamọ́. Bí rọ́bà tó bo písítìnì kálípà bá ya, iyọ̀ á ráyè wọlé, písítìnì á dípẹtà, kò sì ní lè padà sẹ́yìn. Ẹni tó bá tú táyà náà á bá páàdì kan tó ti jẹ dé irin, nígbà tí ìkejì rẹ̀ ṣì nípọn.

Ọ́ìlì búréèkì DOT 3 àti DOT 4 pẹ̀lú máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Omi yẹn ń mú kí ọ́ìlì tètè hó, ó sì ń jẹ irin láti inú, nítorí náà ọdún méjì-méjì ló yẹ ká máa pààrọ̀ rẹ̀. Páìpù tí wọ́n fi àpòpọ̀ bàbà àti nickel ṣe sàn ju ti irin lásán lọ níbi tí iyọ̀ wà.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ àtijọ́ létíkun, bí owó kò bá tíì ká gbogbo rẹ̀, ẹ tọ́jú dúrọ́ọ̀mù yín dáadáa. Ó sàn ju díìskì tí wọ́n ṣe ní ààbọ̀ lọ. Bí ẹ bá sì ti ṣe tán, ẹ pààrọ̀ mástà, páìpù àti rọ́bà pọ̀ mọ́ díìskì, kí ẹ dán ọkọ̀ náà wò níbi tí kò sí èrò, kí ẹ tó gbé ẹnikẹ́ni sínú rẹ̀.